Ìbéèrè Tí Wọ́n Yọ Kúrò

"Má jẹ́ kí wọ́n yọ ìbéèrè yẹn kúrò."

Ọ̀rọ̀ tí ìyàwó mi bá mi sọ gbẹ̀yìn nìyẹn. Kò sọ pé ó dàbọ̀. Káfíńtà ni mí. N kì í purọ́ nípa pákó, n kò sì ní purọ́ nípa èyí. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó wá jókòó sí yàrá rẹ̀ lọ́sàn-án kan.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe. Ó ṣe ìlànà kan tó ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ. Bí iléeṣẹ́ kan bá ní igba kọ̀ǹpútà, ìlànà yìí ni yóò tò wọ́n, yóò nu inú èyí tó bàjẹ́, yóò sì tún un tò, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń sáré káàkiri. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá wù ú lè mú un, kó tú inú rẹ̀ wò. Òun náà ló kọ ìwé àlàyé rẹ̀. Èmi tí n kò kọjá girama kà á, ó sì yé mi.

Ó fi ìbéèrè kan sínú rẹ̀. Kí ìlànà náà tó nu ohunkóhun, yóò dúró, yóò ní: Ta ló dúró tì í? Ènìyàn gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ara rẹ̀, kó sì ní bẹ́ẹ̀ ni. Ilé ìwòsàn kan ti pàdánù àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn rẹ̀ rí, torí pé ẹ̀rọ nìkan ló wà nídìí iṣẹ́. Ìyàwó mi ní irú ẹ̀ ò ní ṣẹlẹ̀ mọ́.

A sin ín tán ni wọ́n dé. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, àti ẹnì kan tí wọ́n jọ ń tọ́jú ìlànà náà, tí mo sọ ní Ọ̀gá Àpérò, torí n kò rí i kó ṣe iṣẹ́ mìíràn rí. Orí ẹ̀rọ ìyàwó mi nìkan ni wọ́n ti lè fọwọ́ sí ẹ̀dà tuntun ìlànà náà kó tó jáde sáyé. Wọ́n jókòó sí pálọ̀ mi, wọ́n ní àwọn ń ṣètò. Títí oòrùn fi kàn wá látàrí, àwọ̀ tí wọn yóò fi kọ orúkọ ìlànà náà ni wọ́n ń yàn. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Ọ̀gá Àpérò mu omi mi, ó ní ìwé àlàyé ìyàwó mi ti gùn jù. Àbúrò ìyàwó mi ń mi orí bí alángbá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ wá kan ìbéèrè náà. Ọ̀gá Àpérò ní ìdíwọ́ ni. Mo sọ ohun tí ìyàwó mi wí fún wọn. Ó rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ẹ máa bá pákó yín lọ. Ẹ fi èyí sílẹ̀ fún wa."

Wọ́n yọ ọ́. Wọ́n wọ yàrá rẹ̀, wọ́n jókòó sídìí tábìlì tí mo kàn fún un, wọ́n so pátákó ìtẹ̀wé tiwọn mọ́ ẹ̀rọ, wọ́n ní kí ẹ̀dà tuntun máa lọ.

Fáànù dúró. Iná ṣì wà.

Lójú ẹ̀rọ: Ta ló dúró tì í?

"O ní o ti yọ ọ́."

"Kò sí níbẹ̀ mọ́, sà. Mo ti wá a."

Ọ̀gá Àpérò kọ orúkọ rẹ̀, toyètoyè. Ẹ̀rọ dáhùn: Kì í ṣe ìwọ. Àbúrò ìyàwó mi kọ tirẹ̀. Kì í ṣe ìwọ. Irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ kò sí nínú ìwé àlàyé kankan.

Ìgbà náà la gbọ́ ọ. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ni. Ko, ko, ko. Mo mọ̀ ọ́n. Pátákó tí ìyàwó mi fi ń tẹ̀wé wà níbẹ̀, èmi ni mo fi okùn rẹ̀ dì í lọ́jọ́ ìsìnkú. Kò so mọ́ nǹkan kan. Ó máa ń tẹ bọ́tìnnì ìkẹyìn bí ẹni ń pa èèrà.

Ó dún: kò!

Ọ̀rọ̀ yọ lójú ẹ̀rọ, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì: Káfíńtà mi. Lẹ́yìn náà: Ṣé kó máa lọ? Bẹ́ẹ̀ ni, tàbí rárá?

Ọ̀gá Àpérò, àgbá òfìfo tó ti ń dún látàárọ̀, yíjú sí mi.

"Bàbá," ó ní, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ẹ tẹ bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣebí ẹ ní kí n fi í sílẹ̀ fún yín."

Ọ̀gá Àpérò sá jáde. Ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ kan ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà mi. Àbúrò ìyàwó mi fa okùn iná ẹ̀rọ náà tu, ó jù ú sílẹ̀. Ojú ẹ̀rọ kò kú.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi bẹ ẹ̀gbọ́n mi."

Mo fi ilẹ̀kùn hàn án.

Okùn náà ṣì wà nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lókè. Ìwé àlàyé ní bí ènìyàn bá ti dáhùn, ìbáà ṣe rárá, ìbéèrè náà yóò kúrò lójú ẹ̀rọ.

N kò tíì tẹ bẹ́ẹ̀ ni. N kò tíì tẹ rárá. N kò tíì gbé bàtà ọkùnrin yẹn jù sígbó. N kò tíì ká aṣọ ìyàwó mi. N kò tíì ṣí kọ́bọ́ọ̀dù.