Fọ́tò Tí Kò Ní Àpá

Ọkùnrin náà gbé eruku pákó wọlé lórí irun, lórí èjìká, títí dé ìpéǹpéjú, ẹ̀rín sì kún ojú rẹ̀. Ó ga débi pé ó ní láti tẹrí ba kó tó lè gba ẹnu ọ̀nà ilé fọ́tò náà wọlé. Ọmọbìnrin tó ń nu ojú kámẹ́rà lọ́wọ́ gbójú sókè, ó rí i, ó sì gbàgbé ohun tó ń nù.

Kì í ṣe pé ó rẹwà ju àwọn ọkùnrin yòókù lọ o. Ká má purọ́, imú rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀, àpá tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà lókè ojú òsì rẹ̀ tó gba inú irun lọ. Àmọ́ ó wọlé bí ẹni tí wọ́n ti ń retí láti àárọ̀, ọmọbìnrin náà sì rí i pé òun náà ti fẹ́ máa rẹ́rìn-ín láìnídìí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni ọkùnrin náà wí. "Fọ́tò físà ni mo fẹ́ yà."

"Ẹ kọ́kọ́ jáde lọ gbọn ara yín ná. Aṣọ funfun ló wà lẹ́yìn ibi tí ẹ máa jókòó sí, mi ò sì fẹ́ fọ̀ ọ́ lónìí."

Bàbá ọmọbìnrin náà, tó jókòó sórí àga lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, rẹ́rìn-ín sínú. Òun ló dá ilé fọ́tò náà sílẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó ti fa kámẹ́rà lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò tíì fa ọ̀rọ̀ sísọ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Má-rẹ́rìn-ín ni gbogbo àdúgbò ń pe ọmọbìnrin náà. Ojú rẹ̀ kò le rárá. Ohun tó ń sọ jù lọ láti àárọ̀ dalẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò físà, tàbí ti ìwé ìgbélùú, kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín, kò gbọdọ̀ fi eyín hàn, kò gbọdọ̀ dé fìlà. Etí méjèèjì gbọ́dọ̀ hàn, ojú méjèèjì gbọ́dọ̀ là, òjìji kankan kò gbọdọ̀ sí lẹ́yìn. Fọ́tò náà kò gbọdọ̀ ju oṣù mẹ́fà lọ. Paríparí rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi kọ̀ǹpútà tún ojú inú rẹ̀ ṣe, ì báà jẹ́ irorẹ́ kan ṣoṣo. Àwọn ilé fọ́tò mìíràn lè fọwọ́ yẹpẹrẹ mú òfin wọ̀nyí. Má-rẹ́rìn-ín kì í gbà.

"Ẹ má rẹ́rìn-ín," ó sọ fún ọkùnrin náà nígbà tó jókòó sórí àpótí.

"Mi ò rẹ́rìn-ín."

"Ẹ ń rẹ́rìn-ín, sà."

"Bí ojú mi ṣe rí nìyẹn."

"Ẹ ṣe bíi pé eyín ń ro yín."

Ọkùnrin náà gbìyànjú. Ó di ẹnu pọ̀, ó kó ojú jọ, ẹ̀rín tún ń yọ́ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu. Lójijì ni àpótí tó jókòó lé yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀rù bà á, ẹ̀rín sì sá lọ. Má-rẹ́rìn-ín tẹ kámẹ́rà lójú ẹsẹ̀.

"Ẹsẹ̀ àpótí yìí kan kúrú," ni ọkùnrin náà wí bó ṣe ń dìde. "Káfíńtà ni mí, àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo máa wá tún un ṣe lọ́la."

"Kò sẹ́ni tó bẹ̀ yín níṣẹ́."

"Àpótí bẹ̀ mí."

Ó wá lọ́la lóòótọ́, ó tún àpótí ṣe. Lọ́jọ́ kejì, ó ní gọ́ọ̀mù rẹ̀ lè máà tíì gbẹ, ó tún wá wò ó. Lẹ́yìn náà ló rí i pé ilẹ̀kùn ń ha ilẹ̀. Nígbà tó yá, ó kan igi onígun mẹ́rin kan, ó na aṣọ funfun náà sí i kó má baà máa ká mọ́. Oṣù ń gorí oṣù.

"Ṣé káfíńtà yìí ò ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ni?" ni Bàbá bi ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo kàn ń béèrè ni. Àga tèmi náà ti ń dún, kò sì gbọ́ ọ."

Báyìí ni "ẹ" ṣe di "o" láàárín àwọn méjèèjì, láìsí ẹni tó kíyè sí ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Káfíńtà sọ fún un nípa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ti pẹ́ lókè òkun, tó bá a wáṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe àga àti tábìlì. Irú iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ fẹ́ ṣe títí tó fi kú ni, iṣẹ́ náà kò sì ní dúró dè é kọjá ìparí ọdún. Má-rẹ́rìn-ín ní inú òun dùn sí i. Òótọ́ ni, inú rẹ̀ dùn. Ó tún bà jẹ́.

"Kí ló ṣe ọ́ lójú?" ló bi í nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń wo àpá náà.

"Pákó ló fò bà mí nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá mi. Wọ́n fa ẹ̀wù ọrùn wọn ya, wọ́n fi di orí mi, wọ́n sì gbé mi pọ̀n sáré dé ọsibítù. Èmi ò sunkún o, àwọn ni wọ́n ń sunkún." Ó fọwọ́ kan àpá náà. "Wọn ò pẹ́ sí i láyé. Tí mo bá wo dígí báyìí, wọ́n ṣì ń di orí mi."

Ìwé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ṣètò pẹ́ débi pé fọ́tò àkọ́kọ́ ti ju oṣù mẹ́fà lọ. Káfíńtà tún wá jókòó sórí àpótí tó fọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, ojú rẹ̀ dúró ṣinṣin láìsí pé ẹnikẹ́ni bá a wí.

"O ò mà rẹ́rìn-ín," ni Má-rẹ́rìn-ín wí.

"Mo rántí pé mò ń lọ ni."

Ó tẹ kámẹ́rà.

Nígbà tí káfíńtà lọ tán, ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ó ń wo ojú náà. Ó tẹ ti físà bó ṣe rí. Lẹ́yìn náà ló tẹ ọ̀kan sí i, tirẹ̀, tó máa fi pamọ́. Bó ṣe máa ń tún fọ́tò àwọn ìyàwó ṣe ló ṣe tún èyí ṣe: ó jẹ́ kí ara dán, ó jẹ́ kí ojú mọ́, ó sì pa àpá rẹ́. Ibi tó ti ń wò ó ni káfíńtà padà dé bá a, ó ń kánjú, ó ní ọ́fíìsì tí òun fẹ́ kówèé sí máa tó tì. Omi wà lójú Má-rẹ́rìn-ín, kò sì fẹ́ kó rí i. Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ki fọ́tò kan bọ àpòòwé, ó nà án sí i. Èyí tó yẹ kó fi pamọ́ ló nà sí i, ó sì fi èkejì pamọ́ láìwò ó. Káfíńtà náà kò yẹ̀ ẹ́ wò; ta ló ń yẹ ojú ara rẹ̀ wò?

Wọ́n dá ìwé rẹ̀ padà ní ọ́fíìsì físà. Wọ́n ní ẹnì kan ti tún ojú inú fọ́tò náà ṣe, kó lọ mú òmíràn wá, ọdún sì ti ń parí lọ.

Ìyá káfíńtà ló kọ́kọ́ wọ ilé fọ́tò náà. Ọmọ rẹ̀ dúró síta, kò wọlé.

"Ọmọ mi, ìwọ lo ya fọ́tò yìí?"

"Èmi ni, mà."

"Wò ó dáadáa. Ọmọ ta nìyí?" Ó gbé fọ́tò náà sórí tábìlì. "Àpá tí ọkọ mi fi ẹ̀wù ọrùn rẹ̀ dì, o nù ún nù bí ẹni nu tábìlì. Tí o ò bá fẹ́ kó lọ, ẹnu ni wọ́n fi ń sọ ọ́."

Má-rẹ́rìn-ín wo ẹnu ọ̀nà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa rí ojú káfíńtà láìsí ẹ̀rín nígbà tí kò sí kámẹ́rà níwájú rẹ̀.

"Ìwọ lo kọ́ mi ní òfin yẹn," ni káfíńtà wí jẹ́ẹ́jẹ́ láti ìta. Wọ́n sì lọ.

"Àṣìṣe ni, Bàbá," ni ọmọbìnrin náà wí nígbà tó yá.

"Mo mọ̀. Àmọ́ kò sẹ́ni tó máa gbà pé ìwọ ṣe àṣìṣe nídìí fọ́tò físà, àyàfi tí o bá sọ èyí tó kù fún wọn." Bàbá kò ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ yẹn. "Ojú á tì ọ́. Kò ní pa ọ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé kámẹ́rà kọ́rùn, ó forí lé ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Ìyá jókòó lórí pákó, ọmọ rẹ̀ ń fá igi, kò gbójú sókè.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Fọ́tò méjì ni mo tẹ̀." Ó fa ọ̀kan yọ. "Ti físà nìyí. Èyí tó wà lọ́wọ́ yín yẹn, tèmi ni."

"Báwo ló ṣe jẹ́ tìẹ?"

Má-rẹ́rìn-ín wo káfíńtà níbi tó ti ń fá igi. "Mo fẹ́ràn rẹ̀, mà. Ó ń lọ, mo sì fẹ́ kí ojú rẹ̀ kù lọ́dọ̀ mi. Mo tún un ṣe bí mo ṣe ń tún ti àwọn ìyàwó ṣe, mo rò pé mò ń ṣe é lóore ni. Nígbà tí mo wò ó tán, kì í ṣe òun mọ́. Ibi tí àpá wà ni ojú mi ń lọ ṣáá. Mo fẹ́ kó lọ, mà. Mi ò kàn fẹ́ kó tán lójú mi ni."

Igi fífá ti dúró. Ìyá gba fọ́tò náà, ó fi ìka tọ àpá inú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo ọmọbìnrin náà.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí," ló wí. "Ṣé torí èyí lẹ ṣe fi odindi oṣù mẹ́fà tún àpótí kan ṣe?"

Káfíńtà rẹ́rìn-ín. Kò tíì dáwọ́ dúró nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Má-rẹ́rìn-ín.

"Tìẹ wá dà báyìí?" ló bi í.

"Mi ò ní kankan mọ́."

"Kámẹ́rà ṣáà wà lọ́rùn rẹ. Ya òmíràn."

Ó gbé kámẹ́rà sójú. "Rẹ́rìn-ín," ló wí, ọ̀rọ̀ tí kò tíì sọ fún oníbàárà kankan rí.

Físà jáde kí ọdún tó parí. Ọjọ́ tó gbà á ni káfíńtà gba ilé fọ́tò lọ tààrà. Ó fa àpótí síwájú aṣọ funfun, ó gba kámẹ́rà lọ́wọ́ Má-rẹ́rìn-ín.

"Jókòó."

"Èmi? Mo fẹ́ lọ síbo?"

"Mo ti béèrè lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní tí ọkọ bá ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ìyàwó lè tọrọ ìwé ìgbélùú, àmọ́ fọ́tò ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà."

"Ìyàwó ta?"

"Tèmi, tí ìyàwó náà bá gbà. A ó ṣègbéyàwó kí n tó lọ. Máa wo ọ̀kánkán. Má rẹ́rìn-ín."

Má-rẹ́rìn-ín yíjú sí ẹnu ọ̀nà. "Ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá?"

"Ọmọ àbúrò mi á máa bá mi ṣí ṣọ́ọ̀bù. Dá ọkùnrin náà lóhùn, ọwọ́ tó fi gbé kámẹ́rà ń ro ó."

"Mo gbà," ni Má-rẹ́rìn-ín wí, ẹ̀rín àti ẹkún sì dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ibẹ̀ ni káfíńtà ti tẹ kámẹ́rà.

Gbogbo eyín ló hàn nínú fọ́tò yẹn. Ojú méjèèjì dì, orí tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òjìji Bàbá tó dìde wá dì mọ́ ọmọ rẹ̀ sì ṣú bo aṣọ funfun lẹ́yìn. Kò sí ọ́fíìsì kankan láyé yìí tó máa gba irú rẹ̀. Káfíńtà gbà á, ó fi í sápò àyà, ibẹ̀ ló sì wà lọ́jọ́ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, pẹ̀lú òrùka lọ́wọ́ rẹ̀.