Ìpele Tó Jóná

Inú kànga ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti fa òkú Custodio jáde láàárọ̀ ọjọ́ tó ṣíwájú Kérésìmesì, ìpàkọ́ rẹ̀ ti fọ́. Kí Agnelo Rebelo, ọ̀gá ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, tó débẹ̀, àwọn ọlọ́pàá ti de Santan tó ń gun àgbọn fún wọn, torí òun àti olóògbé jà lánàá.

“Santan, ìwọ lo tì í?”

“Ọ̀gá, èmi tí mò ń gun òkè lẹ ń wò, ẹ ò wo àwọn tó wà nílé nísàlẹ̀,” ni Santan fi ohùn ẹkún sọ.

Rebelo wọ ilé ìdáná. Ibẹ̀ ni Piedade, àbúrò olóògbé, wà, òun àti bebinca, àkàrà òyìnbó onípele-ìpele tó sè lánàá fún ọdún. Arúgbó yìí kò lọ́kọ rí. Ilé bàbá wọn yìí nìkan ló mọ̀ láyé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì fẹ́ tà á fún àwọn oníhòtẹ́ẹ̀lì.

“Àǹtí, níbo lẹ wà ní ìrọ̀lẹ́ àná?”

“Ọmọ Rosalina, ṣé o ò mọ bebinca ni? Ìdí iná ni mo wà títí ilẹ̀ fi ṣú. Mi ò dìde rárá.”

Rebelo mú ọ̀bẹ.

“Má gé e! Ti ọdún ni!”

Ó ti gé e. Gbogbo ìpele rẹ̀ ló pọ́n dáadáa, àfi ọ̀kan láàárín tó dúdú, tó sì korò bí ewúro.

“Àǹtí, ẹ̀yin lẹ kọ́ Rosalina ìyá mi bí wọ́n ṣe ń sè é. Orí ìdérí ni ẹyin iná ń wà. Ìpele kan á jinná kí ẹ tó da òmíràn lé e. Ẹni tó bá jókòó tì í kì í jẹ́ kó jó. Bó bá tiẹ̀ jó, Piedade tí mo mọ̀ á ha á dànù. Ẹ dìde lánàá. Nígbà tẹ́ ẹ padà dé, ọkàn yín ò sí níbẹ̀ mọ́, ẹ kàn da òmíràn lé e. Kí lẹ lọ ṣe tẹ́ ẹ fi ń purọ́ fún mi?”

Piedade jókòó wọ̀ọ̀.

“Ó ní kí n lọ máa gbé lọ́dọ̀ àwọn sístà ìjọ Àgùdà. Mo bẹ̀ ẹ́ nídìí kànga, ó rẹ́rìn-ín. Mo tì í. Agnelo, mú mi lọ. Ṣáà jẹ́ kílé bàbá mi dúró.”

Àánú rẹ̀ ṣe Rebelo gan-an. Ó ní kí wọ́n tú Santan sílẹ̀, ó sì jókòó ti Piedade kó tó sọ èyí tó kù.

“Ọmọ Custodio pè mí láti Lisbon. Òun ló jogún ilé. Kò tiẹ̀ béèrè bí bàbá ẹ̀ ṣe kú. Ó ní ká tètè ṣe tán, torí òun ti tà á, àwọn oníhòtẹ́ẹ̀lì sì fẹ́ wó o kí òjò tó dé.”

“Kí wá ni mo pa á fún?” ni Piedade bi í.