Ohun Tí Sadatou Gbọ́ Lábẹ́ Ọkọ̀ Pupa

Ọjọ́ tí Ọláòtán wa ọkọ̀ pupa wọ Ifangni, ìlú tó wà lẹ́nu ibodè, ariwo tó ń jáde nídìí ọkọ̀ náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ewúrẹ́ méje fi já okùn, wọ́n sì sá wọ Nàìjíríà láìkí aṣọ́bodè kankan. Ọkọ̀ asáré ni, irú èyí tí wọ́n fi ń figa gbága lójú títì. Ilẹ̀kùn méjì péré ló ní, ó sì rẹlẹ̀ débi pé èèrà tó bá fẹ́ gba abẹ́ ẹ̀ kọjá gbọ́dọ̀ tẹrí ba.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni Sadatou ń bọ̀ láti Lagbé lórí zem, ọ̀kadà akérò, ó lọ tún ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ ṣe. Ó kọjú sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó rí ẹsẹ̀ èèyàn méjì tó yọ jáde lábẹ́ ọkọ̀ pupa. Ọkọ̀ náà sì jókòó lórí bíríkì mẹ́rin, bíríkì oníhò tí wọ́n fi ń kọ́lé.

"Dúró! Sọ̀ mí kalẹ̀!"

Kí oní-zem tó dúró, ó ti bẹ́ sílẹ̀. Ó di ẹsẹ̀ méjèèjì mú, ó fa ọkùnrin náà jáde bí ẹni ń fa iṣu yọ nínú ebè.

"Ah! Ta nìyẹn? Olè!"

"Olè bàbá ẹ! Ṣé o fẹ́ kú ni?"

Ọ̀rọ̀ ò tíì kúrò lẹ́nu ẹ̀ tí bíríkì kan fi sán, pàá! Ọkọ̀ dà wó. Ibi tí àyà Ọláòtán wà lẹ́ẹ̀kan ni irin sọ̀kalẹ̀ sí. Eruku tó sọ níbẹ̀ mú kí àwọn ará abúlé Ko-Koumolou sín.

Ọláòtán wo ọkọ̀. Ó wo bíríkì. Ó wá wo ọmọbìnrin tó wọ aṣọ iṣẹ́ búlúù, tí gíríìsì dúdú wà lẹ́rẹ̀kẹ́ ẹ̀. Ìfẹ́ gbá a létí níbẹ̀, ó sì tún gbá a ní ìkejì.

"Mademoiselle," ló wí, "ta ló bí ẹ?"

"Àbdùlàzéèzì mẹkáníìkì ló bí mi. Ìwọ ńkọ́, ta ló kọ́ ẹ pé wọ́n ń gbé ọkọ̀ lé bíríkì?"

Kò sí mẹkáníìkì bíi Sadatou láti Ifangni títí dé ibi tí òkun parí sí. Tó bá kàn gbọ́ ikọ́ ẹ́ńjìnnì láti òkèèrè, ó ti mọ ohun tó jẹ sùn. Bàbá ẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́. Jáàkì ti yọ̀ mọ́ bàbá náà lọ́wọ́ rí, ìka mẹ́ta péré ló ṣẹ́kù lọ́wọ́ òsì ẹ̀. Látọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wọn láìjẹ́ pé ẹsẹ̀ irin tí ọkọ̀ ń dúró lé wà níbẹ̀, ì báà jẹ́ ọkọ̀ ọba.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, Sadatou padà wá sí agbo ilé Ọláòtán, òun pẹ̀lú jáàkì pẹlẹbẹ àti ẹsẹ̀ irin mẹ́rin.

"Gbọ́ dáadáa," ló wí. "Ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú la kọ́kọ́ ń wá. Fa bíréèkì ọwọ́. Fi igi há àwọn táyà tó máa wà nílẹ̀. Ọkọ̀ ẹ ti rẹlẹ̀ jù, jáàkì ò ní wọlé, donc, wà á gun pákó méjì yìí ná. Tú nọ́ọ̀tì díẹ̀ kí táyà tó kúrò nílẹ̀. Tẹ́ pákó sábẹ́ jáàkì, kí yanrìn má gbé e mì. Etí irin tó nípọn yìí ni kó ti gbé e, kì í ṣe ikùn ọkọ̀, wàá lu ikùn ẹ̀ jáde. Tó bá ti gòkè, ki ẹsẹ̀ irin bọ abẹ́ ẹ̀, kó o wá sọ ọkọ̀ lé e díẹ̀díẹ̀. Tì í wò. Tó bá ń mì, má wọlé."

"Tí kò bá mì ńkọ́?"

"Ìgbà yẹn lo lè wọlé."

"Mo ṣe bí jáàkì nìkan ti tó."

"Jáàkì ń gbé ọkọ̀ sókè ni, kì í dì í mú. Má gbé ẹ̀mí ẹ lé e láéláé."

"Ẹ̀mí mi kẹ̀? Ọwọ́ ẹ ni mo gbé e sí."

"Gbé pákó wá jàre, ká ríṣẹ́ ṣe!"

Àmọ́ ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dùn débi pé ẹyẹ tó ń kọrin lórí ọ̀pẹ dákẹ́, ojú tì í.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Oṣù márùn-ún gbáko, kò sí Sátidé kan tí ọkọ̀ pupa ò ní àìsàn. Lónìí òróró ẹ́ńjìnnì, lọ́la sàìlẹ́ńsà. Bí ọkọ̀ bá sì le koko, Ọláòtán á wá nǹkan kan tú nínú ẹ̀. Á gbé àkàrà gbígbóná wá, á máa fi bọ́ ọ lẹ́nu nítorí pé ọwọ́ ẹ̀ dọ̀tí. Á ní, "Sàdá mi, ààyò mi, atẹ́gùn ọ̀sán mi." Sadatou tó jẹ́ pé ọkùnrin mọ́kànlélógún ló ti lé padà, ọkàn ẹ̀ yọ́ bí òrí nínú oòrùn.

Ìyá Ọláòtán, Màmá Philomène, ń gbé nínú agbo ilé kan náà. Tí Sadatou bá kúnlẹ̀ kí i, "hẹ̀n" ló ń dáhùn, kì í sì í fi kún un. Bàbá Sadatou náà ní tiẹ̀: "Ọkùnrin tó bá fẹ́ ẹ, ẹnu ọ̀nà mi ló máa gbà wọlé. Mi ò fẹ́ àna abẹ́ ọkọ̀."

Sadatou gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Ọláòtán. Ọláòtán fi ọwọ́ lé àyà.

"Ṣé tìyẹn nìkan ni? Sátidé yìí, màá wa ọkọ̀ lọ sí Porto-Novo, màá lọ gbé ẹ̀gbọ́n bàbá mi wá. Lọ́jọ́ Àìkú, iwájú bàbá ẹ la máa wà. Mais, bíréèkì ọkọ̀ ti ń ké o. Bá mi pààrọ̀ ẹ̀ ní Jímọ̀, ààyò mi, kí n má lọ kú sójú ọ̀nà ìyàwó."

Sadatou délé, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò kan ilẹ̀. Ó sọ fún bàbá ẹ̀. Bàbá sọ fún aládùúgbò kan. Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn ẹja inú odò ti ń kí Sadatou kú oríire.

Jímọ̀ dé. Sadatou bọ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọkọ̀ pupa wà lórí ẹsẹ̀ irin mẹ́rin, ó dúró gbọn-in. Ọláòtán ní òun ń lọ ra búrẹ́dì àti omi tútù.

"Èmi náà fẹ́ sáré lọ sílé," ni Sadatou wí. "Mo gbàgbé òróró bíréèkì."

Ọláòtán lọ. Ìgbà tí Sadatou tú àpò, ó rí òróró náà nísàlẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín ara ẹ̀, ó dùbúlẹ̀ sẹ́yìn, ó sì wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ.

Kò pẹ́ tó fi rí bàtà funfun Ọláòtán tó padà dé. Ó fẹ́ pè é. Ni sálúbàtà aláwọ̀ wúrà wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà funfun náà.

"Ọkọ̀ yìí ò tíì parí?" Ohùn Màmá Philomène ni.

"Ó kù díẹ̀, Màmá."

"Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọ̀la ni àwọn ará ilé Élodie ń retí wa ní Porto-Novo o. Mo ti di ẹrù ìdána tán. Ẹni tó ń lọ tọrọ ìyàwó kì í pẹ́. Mẹkáníìkì yẹn dà?"

"Ó lọ mú òróró bíréèkì nílé."

"Ṣé ó mọ̀?"

"Mọ kí ni?"

"Má fi mí ṣeré. Mo rí ojú tó fi ń wò ẹ́."

Ọláòtán rẹ́rìn-ín. Sadatou mọ ẹ̀rín náà. Ó ti rò pé tòun nìkan ni.

"Màmá, mẹkáníìkì mi ni, ó parí. Ẹ wò ó, nínú gbogbo Ifangni, ta ló máa ṣe iṣẹ́ yìí fún mi lọ́fẹ̀ẹ́? Ẹ jẹ́ kó parí ẹ̀ ná. Tá a bá ti Porto-Novo dé, màá wá nǹkan kan sọ fún un."

Omi ojú ẹni tó dùbúlẹ̀ sẹ́yìn kì í gba ẹ̀rẹ̀kẹ́, inú etí ló ń dà sí. Etí Sadatou méjèèjì kún. Òun ló ń tún ọkọ̀ ṣe kí wọ́n lè rí i gbé lọ fẹ́ ẹlòmíràn. Ìyẹn dùn ún ju kí ọkọ̀ náà wó lé e lọ.

Ó fi sípánà sílẹ̀. Ó rọra yọ jáde.

"Ẹ kú ọ̀sán, Màmá."

Màmá Philomène fò sókè, orí ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé. Búrẹ́dì bọ́ lọ́wọ́ Ọláòtán.

"Sàdá... Sàdá mi, o wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀."

"Kì í ṣe bó o ṣe gbọ́ ọ..."

"Báwo ni mo ṣe gbọ́ ọ? Ṣé èdè Ṣáínà lẹ sọ?"

"Ọmọ yìí, fara balẹ̀," ni Màmá Philomène wí. "Ìwọ náà mọ̀ pé kò lè rí bẹ́ẹ̀. Mùsùlùmí ni ẹ́, gíríìsì sì wà lábẹ́ èékánná ẹ. Kí làwọn ará ìjọ mi máa wí?"

"Màmá, ẹ̀yin ò tàn mí rí. Látọjọ́ tí mo ti ń kí yín, 'hẹ̀n' lẹ̀ ń dá mi lóhùn. Ẹni tó ń pè mí ní ààyò ni mò ń bá sọ̀rọ̀." Ó yíjú sí Ọláòtán. "Ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ tó ò ń lọ gbé wá lọ́la, ṣé ó tiẹ̀ wà láyé?"

Ọláòtán bẹ̀rẹ̀, ó mú búrẹ́dì tó bọ́ sílẹ̀, ó gbọn yanrìn kúrò lára ẹ̀. Ó wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, ojú ẹ̀ yà sí àwọn táyà mẹ́rin tó wà nílẹ̀, ó sì yà sí oòrùn, bí ẹni ń ṣírò wákàtí.

Sadatou rí i. Òun ń sunkún níwájú ẹ̀, ọkùnrin náà ń ro bí táyà ṣe máa padà sídìí ọkọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni nǹkan já nínú ẹ̀.

Ẹlòmíràn ì bá ti dáná sun ọkọ̀ náà, kó fi eérú ẹ̀ ṣe ọṣẹ. Sadatou nu ojú. "Wọ inú ọkọ̀," ló wí. "Afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú ọ̀nà òróró bíréèkì ẹ, ẹnì kan ò lè dá a yọ; ìwọ á máa tẹ bíréèkì, èmi á máa tú afẹ́fẹ́ náà jáde. Rọra wọlé."

Ọláòtán wọlé, ó gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì. Sadatou kúnlẹ̀ nídìí ibi tí táyà ti kúrò.

"Tẹ̀ ẹ́."

"Mo ti tẹ̀ ẹ́."

"Dì í mú."

"Mo dì í mú. Sàdá, jọ̀ọ́..."

"Tú u."

Ìdí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n ti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Tẹ̀ ẹ́. Dì í mú. Tú u. Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn láàárín àwọn méjì tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ bí àparò láti oṣù márùn-ún. Lẹ́yìn náà, ó dá táyà padà, ó gbé jáàkì sí etí irin tó nípọn, ó yọ ẹsẹ̀ irin lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sọ ọkọ̀ kalẹ̀ bí ẹni ń tẹ́ ọmọ jòjòló. Ó fún nọ́ọ̀tì le, kò fo ọ̀kan.

"Bíréèkì ẹ ti ń mú," ló wí. "Wàá dé ọ̀dọ̀ Élodie láyọ̀. Ohun tó o fẹ́ wá sọ fún mi, mo ti gbọ́ ọ."

"Kí ló dé tó o fi parí ẹ̀?" Omi ti wà lójú òun náà.

"Nítorí pé ọmọ Àbdùlàzéèzì kì í fi bíréèkì pààyàn. Irọ́ lẹ̀ ń fi pààyàn nílé tiyín."

Ó gbé irin ẹ̀ sẹ́yìn zem, ó lọ.

Nílé, bàbá ẹ̀ ti fọ agbádá funfun, ó sá a sórí okùn. Ó ti yá àga mẹ́wàá lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò, ó ń nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Bàbá," ni Sadatou wí, "ẹ dá àga padà. Wọn ò wá mọ́."

Bàbá gbé àkísà tó fi ń nu àga sílẹ̀. Ó wo ojú ọmọ ẹ̀. Kò bèèrè ìdí. Bàbá náà ò mọ bí wọ́n ṣe ń bèèrè irú ẹ̀.

"Ọkọ̀ yẹn ńkọ́? Ṣé o sọ ọ́ kalẹ̀ dáadáa?"

"Mo sọ ọ́ kalẹ̀ dáadáa, Bàbá."

"Nọ́ọ̀tì ẹ̀ ńkọ́?"

"Mo fún gbogbo ẹ̀ le."

"O ṣeun, ọmọ mi," ni bàbá wí. Ó lọ síbi okùn, ó ká agbádá náà tòun ti omi lára ẹ̀, ó sì ń wọlé lọ. Ìgbà yẹn ni Sadatou jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn àga náà, ó bú sẹ́kún.