Sípíkà Méjì, Igi Ìwọ̀n Kan

Àga kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú ló mú àwọn méjèèjì pàdé.

Tíṣà ló gbé àga náà wá láti ilé ẹ̀kọ́ tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Ó gbé e kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, ó dúró, ó ń wo àwọn pákó tí wọ́n fi ti ògiri. Apá òsì rẹ̀ ni Káfíńtà wà, ó ń fá igi. Káfíńtà kí obìnrin náà, kò dáhùn. Ó tún kí i, kò yíjú. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, Káfíńtà sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Èyí mà gbéra ga o! Ẹwà tó báyìí, àmọ́ kò ṣeé kí."

Ó gbọn ẹ̀rún pákó kúrò lára, ó yí i po bọ́ sí apá ọ̀tún. Bó ṣe tún ní "Ẹ káàbọ̀, mà" báyìí, obìnrin náà yíjú, ó sì rín ẹ̀rín tó mú kí inú ṣọ́ọ̀bù mọ́lẹ̀.

"Áà, ẹ wà níbí! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo àga yìí. Ó ń mì bí ọmọ tó fẹ́ tọ̀ tí kò lè sọ."

Káfíńtà rẹ́rìn-ín títí tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹsẹ̀ kan ló kúrú. Ṣé ká gé mẹ́ta tó gùn, àbí ká fi kún ẹyọ kan?"

"Ẹ fi kún un. Nínú kíláàsì mi, a kì í tìtorí ọmọ tó kúrú gé ẹsẹ̀ àwọn tó ga."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló wọ Káfíńtà lára. Bí ìfẹ́ ṣe máa ń wọlé nìyẹn, kì í kan ilẹ̀kùn.

Káfíńtà ní ìṣe kan. Kì í fi ìwọ̀n oníbàárà kankan sínú ìwé. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló máa ń gé, á fi ọ̀bẹ fa ìlà sí ibi tí ìwọ̀n bá dé, á sì fi kọ́ ara ògiri. Ọjọ́ tí oníbàárà bá gbé ẹrù rẹ̀ lọ, á fi igi náà dáná. Nítorí náà, igi tó bá ṣì wà lára ògiri, iṣẹ́ ẹni tó ni ín kò tíì parí. Àga Tíṣà parí lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n Káfíńtà kò lè dáná sun igi rẹ̀.

Nígbà tó fi máa di oṣù kẹjọ, wọ́n ti gba yàrá kan pẹ̀lú pálọ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó ku kí wọ́n dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò tíì gbà: ìyá Káfíńtà.

"Ọmọ yẹn rẹwà, mo gbà," ni ìyá wí. "Ó níṣẹ́ lọ́wọ́. Àmọ́ mo pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójú pópó, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá bí afẹ́fẹ́. Ọmọ mi, mi ò bí ẹ kí n wá máa kí ìyàwó ẹ láìrí ìdáhùn."

"Màmá, bóyá ó ń ronú ni."

"Kó ronú, kó sì jẹ́ mi! Mo máa wá wo ilé yín lọ́jọ́ Sátidé tó parí oṣù. Ohun tí mo bá rí lọ́jọ́ náà ni n óò fi sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́."

Tíṣà kò fẹ́ ọ̀pọ̀ ẹrù nínú ilé. Ohun kan ṣoṣo ló ń bẹ̀bẹ̀ fún. "Ayọ̀ mi, jẹ́ ká ra ẹ̀rọ orin kan, kékeré tó ní láárí. Mo fẹ́ kí orin máa wà nílé wa." Owó tí wọ́n kó jọ fún un kì í ṣe ti olówó, kì í sì í ṣe ti aláìní. Owó àárín ni.

Bí wọ́n ṣe dé ṣọ́ọ̀bù Jẹ́jẹ́ nìyẹn. Jẹ́jẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkùnrin tó ń ta ẹ̀rọ orin, nítorí pé jẹ́jẹ́ ló ń rìn, jẹ́jẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, àfi bí ẹni pé ọmọ kan ń sùn nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ga, ó mọ́, èékánná rẹ̀ sì ń dán. Káfíńtà wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó kún fún gọ́ọ̀mù, ó fi í pamọ́ sínú àpò.

Ẹ̀rọ kan tó ga dé ìbàdí, tó ń tan iná pupa àti àwọ̀ ewé, ni Káfíńtà lọ dúró tì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fojú ra ẹ̀rọ orin," ni Jẹ́jẹ́ wí. "Iná kì í kọrin. Pálọ̀ kékeré ni ti yín. Bẹ́ ẹ bá gbé èyí síbẹ̀, orin á wọlé, ẹ̀yin á jáde."

Tíṣà bú sẹ́rìn-ín. Káfíńtà kò rẹ́rìn-ín.

Jẹ́jẹ́ fi òmíràn hàn wọ́n, èyí tó kéré jù, tí ohun gbogbo rẹ̀ wà lójú kan. Ó ń dún bí ẹ̀fọn tó há sínú agolo. Lẹ́yìn náà ló gbé ẹ̀kẹta jáde. Kò tóbi ju búrẹ́dì ńlá lọ, ó ní sípíkà méjì onípákó tó ṣeé gbé síbi tó bá wuni, owó wọn sì ká a.

"Ẹ jókòó, àǹtí, kẹ́ ẹ dijú," ni Jẹ́jẹ́ wí. Ó pa sípíkà kan, ó tan ìkejì. Ó pa ìyẹn, ó tan ti àkọ́kọ́. Ó dúró, ó wo Tíṣà fún ìgbà díẹ̀. Ló bá bẹ̀rẹ̀, ó fẹnu sún mọ́ etí ọ̀tún rẹ̀, ó sọ nǹkan kan. Ojú Tíṣà là bí ojú ẹni tí wọ́n ká mọ́ inú yàrá. Ó dá a lóhùn wúyẹ́wúyẹ́. Jẹ́jẹ́ sì mi orí pé òun ti gbọ́.

Lójú ọ̀nà, Káfíńtà kò lè pa á mọ́ra. "Kí ló sọ fún ẹ?"

"Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni, olólùfẹ́ mi."

"Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ wo ni wọ́n ń sọ sétí bí ọ̀rọ̀ ìfẹ́?"

Tíṣà kàn dì í lọ́wọ́ mú. Kò sí ohun tó ń bọ́ owú bíi kí wọ́n dì í lọ́wọ́ mú láìdá a lóhùn.

Bó bá mọ síbẹ̀ ni, ì bá dára. Tíṣà padà lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì lẹ́yìn tí wọ́n jáde ilé ẹ̀kọ́. Ó tún lọ lọ́jọ́ kẹta. Káfíńtà fara pamọ́ sí òdìkejì títì, ó ń wò wọ́n láti ojú gíláàsì. Ó rí Tíṣà lórí àga tó dijú. Ó rí Jẹ́jẹ́ tó ń gbé sípíkà kiri ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tó sì ń bẹ̀rẹ̀ sí etí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rí i tí Tíṣà nu omijé, tó sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí òun Káfíńtà rò pé òun nìkan ló ni ín.

Owú kò léyín, ṣùgbọ́n ó ń jẹ èèyàn dé eegun. Lọ́jọ́ náà, Káfíńtà kan ìṣó mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mejì ni òòlù bà á lọ́wọ́.

Nígbà tó ròyìn fún ìyá rẹ̀, ìyá mi orí. "Mo ti sọ tèmi. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ."

Tíṣà wá sọ pé òun ti yan ẹ̀rọ onísípíkà méjì náà. Ó ní kí Káfíńtà kan pẹpẹ tó máa gbé e, kí sípíkà kọ̀ọ̀kan ní ihò tirẹ̀. Káfíńtà mú igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù Jẹ́jẹ́, ó wọn ẹ̀rọ, ó wọn sípíkà, ó fi ọ̀bẹ fa ìlà sójú igi láìwo ojú ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Jẹ́jẹ́ wí, "ihò méjèèjì, ẹ jẹ́ kó wà lápá ọ̀tún àga àǹtí. Ẹ má fi ọ̀kan sí òsì."

Káfíńtà gbójú sókè. "Ìwọ lo wá mọ ibi tí ìyàwó mi máa jókòó sí nínú ilé mi?"

"Ẹ bi í léèrè, ẹ̀gbọ́n. Kì í ṣe ẹnu mi ló yẹ kẹ́ ẹ ti gbọ́ ọ."

Káfíńtà kò bi ẹnikẹ́ni. Ó délé, ó gbé igi ìwọ̀n kọ́ ara ògiri, ó sì mú ayùn. Ọ̀tún ló fi ihò kan sí, òsì ló fi ìkejì sí. Ó wá dín fífẹ̀ ihò méjèèjì ní ìka méjì. "Bí sípíkà rẹ ò bá wọ ilé mi," ló ń sọ bó ṣe ń rẹ́ pákó, "ìwọ náà ò ní wọ̀ ọ́."

Ọjọ́ Sátidé dé. Ìyá Káfíńtà ti jókòó sí pálọ̀ látàárọ̀, ó di àpò rẹ̀ mọ́ itan bí ẹni tó lè dìde nígbàkigbà. Tíṣà wọlé, Jẹ́jẹ́ tẹ̀ lé e pẹ̀lú páálí. Wọ́n yọ ẹ̀rọ náà jáde. Tíṣà gbé sípíkà kan, ó fẹ́ tì í sínú ihò. Kò wọlé. Ó dà á dorí kodò, kò wọlé. Ìkejì náà kò wọlé.

"Ẹ̀rọ yìí mà tóbi o," ni Káfíńtà wí, ohùn rẹ̀ fẹ́ dà bí ohùn aláàánú. "Kò sí wàhálà. Kí wọ́n máa gbé e padà, ká ra kékeré yẹn."

Tíṣà jáde lọ sí ṣọ́ọ̀bù iwájú, ó yọ igi ìwọ̀n lára ògiri, ó mú un wọlé. Ó fi lé ẹ̀gbẹ́ sípíkà: ìlà ọ̀bẹ bá a mu wẹ́kú. Ó fi lé ẹnu ihò: ìka méjì ló fi yọ.

"Ọwọ́ rẹ ló fa ìlà sí igi yìí, Káfíńtà. Igi ò ṣìnà. Ṣé ìwọ lo ṣìnà?"

Káfíńtà wolẹ̀.

"Mi ò ṣìnà," ló sọ níkẹyìn. "Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Mò ń jowú. Mo rí ẹ lọ́dọ̀ ẹ̀. Mo rí i tó ń bẹ̀rẹ̀ sí ẹ létí, mo rí i tó o sunkún tó o sì rẹ́rìn-ín. Èmi ọkọ rẹ, o ò rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ fún mi rí."

Ìyá rẹ̀ tó wà lápá òsì Tíṣà gbóhùn sókè. "Tíṣà! Ṣé òótọ́ ni?"

Tíṣà ń wo Káfíńtà.

"Tíṣà, mò ń pè ẹ́ o!"

Kò dáhùn. "Ẹ ò rí i?" ni ìyá wí, ó na ọwọ́ méjèèjì. "Lójú gbogbo yín!"

Jẹ́jẹ́ fẹ́ sọ̀rọ̀, ó gbé e mì. Tíṣà rí i tí gbogbo ojú wà lára òun. Ó yí orí díẹ̀díẹ̀.

"Ṣé ẹnì kan pè mí ni?"

Bó ṣe bi í, bí ìgbà tí ọmọdé bá sọnù lọ́jà, ló mú kí irun orí Káfíńtà dìde.

"Etí òsì mi ò gbọ́," ni Tíṣà wí. "Ṣegede ló mú un lọ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje. Ilé tí wọ́n ti kọ́kọ́ fẹ́ fẹ́ mi, mo sọ fún wọn. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí ọmọ àwọn bí adití. Àtìgbà náà ni mi ò ti sọ ọ́ fẹ́nì kankan. Àwọn aláriwo ni mo máa ń tò sí apá òsì ní kíláàsì mi." Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, kò jọ ẹ̀rín. "Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni Jẹ́jẹ́ mọ̀, torí ó tan sípíkà òsì, mi ò mira. Mo bẹ Jẹ́jẹ́ kó má sọ. Ó wá ń gbé sípíkà méjèèjì kiri títí tó fi rí ibi tí mo ti lè gbọ́ orin tán. Láti kékeré, ìlàjì orin ni mò ń gbọ́, Káfíńtà. Ìyẹn ló pa mí lẹ́kún. Mo fẹ́ kí ilé wa jẹ́ ibi tí mo ti ń gbọ́ gbogbo ẹ̀."

Ìyá sọ àpò rẹ̀ sílẹ̀. "Gbogbo ìgbà tí mo ń pè ẹ́ yẹn..."

"Ẹ máa wà lápá òsì ni, mà. Ẹ forí jì mí."

Ìyá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ! O ń fi ojú wọn pákó kiri, o ò rí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ!"

"Ẹ̀yin náà ò rí i, Màmá."

"Dákẹ́! Ìwọ ni mò ń bá wí!"

Ṣùgbọ́n Tíṣà ti dìde. Igi ìwọ̀n wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Mo purọ́ pẹ̀lú ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ìwọ purọ́ pẹ̀lú ayùn. Tèmi, ìbẹ̀rù ni. Tìẹ ńkọ́? Mo máa mú igi yìí lọ. Ọjọ́ tó o bá mọ bí wọ́n ṣe ń wọn èèyàn, wá gbà á."

Ọjọ́ mẹ́rin ni Káfíńtà fi jẹun tí kò mọ adùn. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó ki àkísà bọ etí òsì ara rẹ̀, ó sì fi ṣiṣẹ́ látàárọ̀ dalẹ́. Ohùn ń já bọ́ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan bí omi láti inú igbá tó jò. Alápatà kan tó ń kọjá pè é láti òsì títí tó fi sú u. "Káfíńtà, o mà ti ń gbéra ga o!" Káfíńtà yọ àkísà, ó jókòó sílẹ̀ láàárín ẹ̀rún pákó, ó sunkún. Àwọn àgbà kúkú sọ ọ́: bí a bá ń gé igi nígbó, ká fọ̀rọ̀ ro ara ẹni wò.

Ó tú pẹpẹ náà palẹ̀, ó fẹ́ kan òmíràn. Kò ní igi ìwọ̀n mọ́, Jẹ́jẹ́ sì ti gbé ẹ̀rọ náà padà, nítorí náà ó lọ bá Jẹ́jẹ́, ó dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó kéré sí i, Jẹ́jẹ́ sì ń fà á dìde pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má pa mí!" Àwọn méjèèjì jọ gbé sípíkà wá. Káfíńtà jókòó sórí àga Tíṣà pẹ̀lú àkísà létí, Jẹ́jẹ́ ń sún sípíkà, títí orin fi pé, ibẹ̀ ló sì kan pẹpẹ tuntun náà sí.

Ó wá lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí Tíṣà jáde, ó bọ́ sí apá ọ̀tún rẹ̀.

"Mo wá gba igi mi. Bó o bá sì rò pé mi ò tíì mọ ìwọ̀n, mo máa tún wá lọ́la."

Tíṣà wò ó pẹ́. Ó ṣí àpò rẹ̀. Igi náà wà láàárín ìwé àwọn ọmọ, ó ti ń gbé e kiri látọjọ́ náà. "Apá ibo lo fi wọ́n sí?"

"Ọ̀tún. Méjèèjì."

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ìyá Káfíńtà fẹ́ bá ìyàwó sọ̀rọ̀. Ó wà ní òsì, ó sì ti la ẹnu. Ó pa ẹnu dé, ó dìde pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún, ó gba ẹ̀yìn gbogbo àga yí po bọ́ sí ọ̀tún. "Ìyàwó mi."

"Mà," ni Tíṣà jẹ́ ẹ.

Jẹ́jẹ́ náà wá kí wọn. Bó ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí etí ìyàwó báyìí, Káfíńtà ti ki orí bọ àárín. "Jọ̀ọ́, dúró níwájú, kó o pariwo ẹ̀!"

Bẹ́ ẹ bá dé pálọ̀ wọn lónìí, ẹ óò rí igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan lára ògiri lókè ẹ̀rọ orin. Àwọn tó mọ ìṣe Káfíńtà máa ń bi í pé iṣẹ́ ta ni kò tíì parí tó fi gbé igi kọ́ sínú ilé.

"Ti ìyàwó mi," ló máa ń sọ. "Mo ṣì ń wọ̀n ọ́n."