Ọjọ́ Tí Katekíìsì Kò Lè Pín Eérú

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú tó kẹ́yìn oṣù Èrèlé ọdún 1990, ọkọ́ kò kan ilẹ̀ ní Kpoulou. Ẹ̀gẹ́ tó tó hú ṣì wà nínú ebè. Àwọn obìnrin tó ti gbé agbada gàrí kaná tún sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n wẹ ọwọ́, wọ́n wé gèlè, wọ́n sì gba ilé Baálẹ̀ Fágbèmí lọ, nítorí ibẹ̀ ni rédíò tó dún jù lọ ní gbogbo àdúgbò náà wà.

Baálẹ̀ ti jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ láti ìdájí. Ó gbé agbádá etù wọ̀, ó sì tẹ fìlà àrán sí etí òsì, bí ẹni pé àwọn ará Cotonou lè rí òun láti inú rédíò. Bí àwọn ènìyàn ṣe ń dé ni wọ́n ń dọ̀bálẹ̀, tí àwọn obìnrin ń kúnlẹ̀.

“Baba, ẹ kú ìjókòó. Ẹ ó pẹ́ lórí oyè.”

“Àṣẹ. Ẹ jókòó, kí ẹ sì pa ẹnu mọ́. Ọkùnrin kan ń sọ òótọ́ lọ́wọ́ níbí.”

Ọjọ́ kẹwàá ìpàdé ńlá tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Konferáǹsì ni. Olùkọ́, àgbẹ̀, ṣọ́jà, oníṣòwò àti aṣáájú ẹ̀sìn jókòó papọ̀ ní Cotonou, wọ́n ń sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò tó sọ sókè láti ọdún mẹ́tàdínlógún. Fáransé ni wọ́n ń sọ jù, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ rédíò ni Akíndèjì jókòó sí, ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún Baálẹ̀ àti àwọn àgbà.

Ẹni ọdún méjìlélógójì ni Akíndèjì, ó ga, ó tínrín, bùbá funfun rẹ̀ sì mọ́ lọ́jọ́ gbogbo bí ẹni tó ń lọ ìrìbọmi. Gildas ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n Katekíìsì ni gbogbo Kpoulou ń pè é. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, òun náà ló ń darí àdúrà nígbàkígbà tí Mọn Pẹ̀ẹ̀, àlùfáà tó ń ti Pobè wá, kò bá lè dé. Ní ọjọ́ yìí gan-an, alùpùpù Mọn Pẹ̀ẹ̀ bàjẹ́. Ó ránṣẹ́ pé kí Katekíìsì bá òun pín eérú fún ìjọ ní ìrọ̀lẹ́, nítorí Ọjọ́rú Eérú ni, tí ààwẹ̀ ogójì ọjọ́ ń bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí Mọn Pẹ̀ẹ̀ kò mọ̀ ni pé ó ti tó oṣù mẹ́wàá tí Akíndèjì kò gba Ọlọ́run gbọ́ mọ́.

Èèyi, àrùn tó ń sú sí àwọn ọmọdé lára, ló fà á. Ní ìparí ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún tó kọjá, àrùn náà wọ abúlé kékeré kan lẹ́bàá Massè, ó sì mú ọmọ mẹ́fà lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Akíndèjì ló gbàdúrà níbi ìsìnkú gbogbo wọn. Ẹ̀kẹfà nínú wọn jẹ́ ọmọbìnrin kan tó máa ń fi ohùn gooro dáhùn ìbéèrè kí olùkọ́ tó bi í tán. Nígbà tí Akíndèjì la ẹnu lórí sàréè yẹn, ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ń kanlẹ̀kùn ilé tí àwọn tó ni ín ti kó lọ. Ó parí àdúrà náà. Ó wọ́n omi mímọ́. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà sí Kpoulou, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Láti ìgbà náà ni ẹ̀rù ti ń bá a jẹun nínú àwo kan náà. Iná ọ̀run àpáàdì ń bà á lẹ́rù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dá a lójú mọ́ pé ọ̀run àpáàdì wà. Àrá pẹ̀lú ń bà á lẹ́rù, bí ẹni pé Ṣàngó ti gbọ́ sí ọ̀rọ̀ náà. Bí òjò bá ti ṣú, á jókòó sáàárín yàrá, á gbé ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀.

“Bàbá Rodrigue, ṣé ẹsẹ̀ ń dùn yín ni?” Moyọ̀sọ́lá ìyàwó rẹ̀ a béèrè.

“Rárá o. Ilẹ̀ ló tutù.”

Ẹnì kan ṣoṣo ló sọ fún, ìyẹn Òkè adẹ́mu, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré. Ògún ni wọ́n ń bọ nílé Òkè, kì í sì í wọ ṣọ́ọ̀ṣì àfi bí wọ́n bá ń gbéyàwó. Akíndèjì mọ̀ọ́mọ̀ yan ìgbà tí Òkè wà lórí ọ̀pẹ, nítorí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rọrùn láti sọ fún ẹni tí kò wo ojú ẹni.

“Òkè, mo rò pé kò sí Ọlọ́run.”

“Kí lo wí? Gbé ohùn sókè, atẹ́gùn ń fẹ́!”

Akíndèjì wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì kígbe bí ẹni ń lé ẹyẹ nínú oko àgbàdo: “Mo ní mo rò pé kò sí Ọlọ́run!”

Òkè sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó gbé akèrègbè rẹ̀ jókòó, ó sì da ẹmu fún ọ̀rẹ́ rẹ̀.

“Èmi ò kàwé, mi ò lè bá ọ jiyàn lórí ìyẹn,” ó wí. “Ṣùgbọ́n ohun tó o gbé sínú yìí wúwo fún ènìyàn kan. Ìyá Rodrigue mọ̀?”

“Kò mọ̀.”

“Ta lo wá ń bẹ̀rù gan-an, Ọlọ́run ni àbí Moyọ̀sọ́lá?”

Akíndèjì rò ó. “Àwọn méjèèjì,” ó wí, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn. Síbẹ̀, nígbà tó délé, kò lè sọ ọ́.

Òun náà ló wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò lówùúrọ̀ Ọjọ́rú yìí, tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ àwọn tó ń sọ òótọ́. Ọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ dà bí ti àgbà gba ọ̀rọ̀ sọ.

“Ó ní,” Akíndèjì bẹ̀rẹ̀, “ó ní: Ẹ̀yin ará mi, ọdún púpọ̀ ni mo fi dúró níwájú yín tí mò ń sọ ohun tí èmi fúnra mi kò gbà gbọ́. Mò ń pariwo, ẹ̀yin náà ń dáhùn. Ẹ̀rù...”

“Ẹ̀rù kí ni?” Baálẹ̀ béèrè.

“Ẹ̀rù ló ń bà mí,” Akíndèjì wí, omi sì dà lójú rẹ̀.

Àwọn ènìyàn rò pé ọ̀rọ̀ rédíò ló ṣì ń túmọ̀. Òkè nìkan ló wò ó tìyanu tìyanu. Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń retí ìró ìbọn, wọ́n ń retí kí ṣọ́jà fa ọkùnrin náà jáde. Kò sí ohun tó jọ ọ́. Àtẹ́wọ́ ni wọ́n gbọ́ láti Cotonou.

“Ẹ ò rí nǹkan!” Baálẹ̀ wí. “Ó sọ ọ́, kò sì kú.”

Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ìjọ pé sínú ṣọ́ọ̀ṣì alámọ̀ onípáànù. Akíndèjì gbé abọ́ eérú dúró níwájú pẹpẹ. Ìyá Félicité ló kọ́kọ́ jáde sí i, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Arúgbó ni, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣíwájú òun dé ibi ohun mímọ́. Akíndèjì ti àtàǹpàkò bọ eérú, ó gbé ọwọ́ sókè, ọwọ́ náà sì dúró sí òfuurufú.

“Ìyá, mi ò lè ṣe é.”

Ó kọjú sí gbogbo ìjọ.

“Ẹ̀yin ará mi, mo ti ń purọ́ fún yín. Láti ìgbà tí a ti sin àwọn ọmọ Massè, mi ò gbàdúrà mọ́, ọ̀rọ̀ lásán ni mò ń kà. Mi ò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ń gbọ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá sọ ọ́, màá ba ìgbàgbọ́ tiyín náà jẹ́. Ẹ dárí jì mí.”

Alángbá kan sáré kọjá lórí páànù, gbogbo ìjọ sì gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Ó tán?” Ìyá Félicité béèrè.

“Ó tán, Ìyá.”

“Họ́wù! Mo rò pé o fẹ́ sọ fún wa pé o pànìyàn ni.” Ó fọwọ́ lé ìbàdí. “Nígbà tí bàbá àwọn ọmọ mi kú, ọdún mẹ́ta gbáko ni mi ò fi bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀. Mo bínú sí i títí ìbínú fi tán nínú mi, mi ò wá rántí rẹ̀ mọ́ rárá. Ṣé mo jókòó sílé? Mò ń wá. Mò ń kọrin. Ọjọ́ tí ẹnu mi bá kọ̀, Ìyábùnmi tó jókòó tì mí á kọ tèmi mọ́ tirẹ̀. Kí lo rò pé a fi ń jókòó papọ̀ lórí bẹ́ǹṣì? Gbé abọ́ yẹn wá!”

Ó gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ki gbogbo ọwọ́ bọ inú eérú, nítorí kò rí bó ṣe pọ̀ tó, ó sì fi pa Katekíìsì láti iwájú orí dé góńgó imú.

“Rántí pé erùpẹ̀ ni ọ́, ìwọ ọmọ ènìyàn.”

“Mo mọ̀, Ìyá. Ìyẹn nìkan ló ṣì dá mi lójú.”

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Moyọ̀sọ́lá ni. Ẹ̀rín náà ran ẹni tó jókòó tì í, ó ran bẹ́ǹṣì àwọn obìnrin, ó ran ti àwọn ọkùnrin, títí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì fi ń mì. Moyọ̀sọ́lá jáde wá, ó fi etí ìró nu eérú kúrò nímú ọkọ rẹ̀.

“Mo ti mọ̀ láti ìgbà ìkórè àgbàdo,” ó rọra wí. “Ẹ kì í bẹ̀rù òjò tẹ́lẹ̀.”

“Kí ló dé tí o kò sọ?”

“Mò ń dúró dè yín ni.”

Ìyá Félicité kò tíì pín eérú náà tán tí ariwo fi sọ nílé Baálẹ̀. Olórí ìjọba ti gba gbogbo ohun tí ìpàdé náà fi ẹnu kò sí. Ìbò yóò wà, ẹnu yóò ṣí. Ìjọ tú jáde bí oyin. Baálẹ̀ rí wọn tí wọ́n ń sáré bọ̀ nínú oòrùn ìrọ̀lẹ́, eérú lójú, òógùn lójú, ijó lẹ́sẹ̀.

“Kí ló ṣe yín? Ilé ta ló jó?”

Wọ́n gbé e sáàárín agbo ijó pẹ̀lú agbádá etù rẹ̀. Ọjọ́ ààwẹ̀ ni, ṣùgbọ́n àkàrà tí wọ́n jẹ lọ́jọ́ náà kò níye.

Mọn Pẹ̀ẹ̀ dé lọ́jọ́ Àìkú. Ó fetí sí Akíndèjì lábẹ́ igi máńgòrò títí ọ̀rọ̀ fi tán.

“N óò gba iṣẹ́ katekíìsì lọ́wọ́ rẹ fún ìgbà díẹ̀,” ó wí. “Ìjìyà kọ́ o. Ẹni tí ọ̀fun ń dùn, a kì í ní kó lé orin. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì kan ń bọ̀ tí yóò máa gún àwọn ọmọ lábẹ́rẹ́ èèyi, kò sì mọ ọ̀nà oko wa. Ṣé ìwọ mọ̀ ọ́n?”

“Kò sí ọ̀nà kan tí mi ò mọ̀ níbẹ̀,” Akíndèjì dáhùn.

Victorine ni nọ́ọ̀sì náà ń jẹ́. Ègùn ni èdè rẹ̀, Yorùbá rẹ̀ kò ju “Ẹ káàárọ̀” àti “Má sunkún” lọ. Akíndèjì so àpótí oníyìnyín tí oògùn wà nínú rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, wọ́n sì ń lọ láti oko dé oko. Ní Tatonnonkon, àwọn ìyá kó ọmọ wọn pamọ́ sáàárín àgbàdo nítorí abẹ́rẹ́. Akíndèjì dúró létí oko, ó sì bá àgbàdo sọ̀rọ̀.

“Ọmọ mẹ́fà ni mo sin lọ́dún tó kọjá. Mi ò fẹ́ sin ẹ̀keje. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde wá.”

Wọ́n jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní Kpoulou, Baálẹ̀ Fágbèmí fúnra rẹ̀ gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ síwájú. Ó ní àwọn òrìṣà ilé òun kò bá abẹ́rẹ́ ṣọ̀tá. Ọmọ náà ké, ó tọ̀ sí etù lára, Baálẹ̀ sì ní ìbùkún ni.

Ìgbàgbọ́ kò padà sọ́wọ́ Akíndèjì. Ẹ̀rù ló kọ́kọ́ lọ. Lọ́jọ́ kan òjò ká òun àti Victorine mọ́ ọ̀nà, àrá ń sán, òun sì ń fi agídí wa kẹ̀kẹ́ nínú ẹrẹ̀ kí oògùn má baà bàjẹ́, ó ń kọrin. Ó délé kó tó rántí pé òun a máa bẹ̀rù àrá tẹ́lẹ̀.

Ọ̀gbẹlẹ̀ tó tẹ̀ lé e wá, ó sì kọjá, kò sí ọmọ kankan tí èèyi pa ní abúlé ẹ̀bá Massè. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú ìdìbò ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1991, àwọn ará ibẹ̀ tò láti àárọ̀ láti yan ẹni tí wọ́n fẹ́. Ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè náà yóò já sí, síbẹ̀ wọ́n gbé ìwé wọn sínú àpótí, wọ́n sì fi ìka tí yíǹkì ìdìbò ti kùn dúdú ṣe yẹ̀yẹ́ ara wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n tẹ́ ẹní sábẹ́ igi, wọ́n sè, wọ́n ránṣẹ́ pe àwọn ará Kpoulou. Òkè gbé ẹmu wá. Ìyá Félicité jókòó sórí ẹ̀yìn alùpùpù tuntun Victorine wá, gèlè rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́.

Ìyá ọmọbìnrin tó kú ṣìkẹfà yẹn dìde. Ó gbé ọmọ tuntun kan pọ̀n.

“Katekíìsì, ẹ gbàdúrà fún wa kí a tó jẹun.”

“Èmi kì í ṣe katekíìsì mọ́, ìyá.”

“A mọ̀. Ẹ gbàdúrà náà bẹ́ẹ̀.”

Akíndèjì dìde. Ó wo oúnjẹ, ó wo ọmọ tuntun, ó wo Moyọ̀sọ́lá tó ti dijú. Àwọn ọmọdé ti ń ki ọwọ́ bọ inú àwo.

“Ọlọ́run,” ó wí nígbẹ̀yìn, “bí o bá wà nítòsí, wá jókòó tì wá. Ẹmu ṣì kù.”

“Àmín!” gbogbo wọn dáhùn.

Òkè bu ẹmu kún igbá kan, ó rọra gbé e sórí àpótí ìjókòó kan tí ẹnikẹ́ni kò jókòó lé. Gbogbo wọn jẹun, wọ́n ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́ ojú. Lẹ́yìn ìgbà tó ti pẹ́ díẹ̀, Ìyá Félicité na ọwọ́, ó gbé igbá náà, ó sì gbé e mu dé ìsàlẹ̀.

“Ìyá!” Akíndèjì pariwo.

Arúgbó náà nu ẹnu. “Ó ní òun ti yó,” ó wí, “kí n bá òun mu ún.”