Fóònù Mẹ́tàlélógójì Tí Kò Fọhùn

Orí ilẹ̀ ni Tiwalọlá ti kọ́kọ́ rí i. Ní àárín ọ́fíìsì onígíláàsì kan ní Sandton, ní ìlú Johannesburg, ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, ọkùnrin gìrìwò kan bọ́ bàtà, ó ká ẹsẹ̀ kò, ó jókòó sórí táìsì tó ń dán, ó ní òun ò ní dìde. Ẹ̀ṣọ́ mẹ́ta dúró lé e lórí. Fìlà pupa wà lórí rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n fún ìbínú. Ó rẹwà débi tí inú fi bí Tiwalọlá, torí kì í ṣe ohun tó yẹ kí ẹni tó bá wá jà ṣe nìyẹn.

“Ta ló yọ orin mi?” ó ń pariwo lédè Gẹ̀ẹ́sì. “Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wà ní nọ́ńbà wan. Lónìí kò sí níbì kankan. Ẹ pe onítọ̀hún jáde!”

“Èmi ni,” ni Tiwalọlá wí.

Ọkùnrin náà wò ó láti òkè délẹ̀, ó sì kùn lábẹ́ ètè ní Yorùbá: “Ẹ wo ọmọdé tí wọ́n gbé ayé mi lé lọ́wọ́.”

“Ọmọdé náà gbọ́ Yorùbá,” ni ọmọbìnrin náà dá a lóhùn. “Ẹ dìde, bọ̀dá. Táìsì yẹn tutù.”

Bánkọ́lé ni wọ́n ń pè é. Johannesburg ni wọ́n bí i sí, Ìjẹ̀ṣà ni bàbá rẹ̀, ọmọ Súlú ni ìyá rẹ̀, orin ráàpù sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Orin rẹ̀ tí ó pè ní “Ẹ̀wù Ọsàn” ló kọ́kọ́ gbé e dé òkè àtòjọ orin. Iṣẹ́ Tiwalọlá ni láti ka iye ìgbà tí àwọn èèyàn gbọ́ orin kọ̀ọ̀kan lórí fóònù àti rédíò lọ́sẹ̀ kan, kí ọ́fíìsì rẹ̀ tó kéde èyí tó ṣíwájú.

Mi ò ní purọ́, inú máa ń bí mi sí ọ̀rọ̀ àtòjọ yìí. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ẹni tí kò lóhùn á lọ ra ẹgbẹẹgbẹ̀rún etí tí kò sí láyé, ẹni tó fi ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ kọrin á jókòó sílé. Nítorí irú àwọn olè bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ Tiwalọlá fi le, ó sì dá a lójú pé òmíràn nínú wọn ló jókòó sílẹ̀ yìí.

Ó yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí i. “Wò ó. Fóònù mẹ́tàlélógójì, nínú ilé kan ṣoṣo ní Mayfair. Wọ́n ń lu orin ẹ tọ̀sán-tòru, wọn ò sinmi. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá la lè ka ẹnì kan mọ lóòjọ́. Èyí tó bá kọjá mẹ́wàá, òfo ni. Èyí tó wá burú jù ni pé wọ́n pa ohùn gbogbo wọn. Orin tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́! Ta lo bẹ̀ lọ́wẹ̀?”

“Mi ò bẹ ẹnì kankan!” Bánkọ́lé fò dìde. “Ọdún márùn-ún ni mo fi kọ orin yẹn. Ọdún márùn-ún!”

“Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó àtòjọ fún mi láti wádìí. Tó bá jẹ́ pé ọwọ́ ẹ wà níbẹ̀, ọdún kan gbáko ni wọn ò ní ka orin ẹ.”

“Ìwọ ńkọ́? Ìwọ tó o ń kà á, ṣé o ti gbọ́ ọ rí?”

Tiwalọlá yíjú sí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Kò tíì gbọ́ ọ. Nínú ọgọ́rùn-ún orin tó ń kà lọ́sẹ̀, kò gbọ́ ju méjì mẹ́ta lọ.

“Mo mọ̀,” ni Bánkọ́lé wí, ó ń wọ bàtà rẹ̀. “Sọ ilé yẹn fún mi.”

“Mi ò lè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mò ń lọ síbẹ̀ báyìí. Tó o bá fẹ́ tẹ̀ lé mi, shap, kò burú.”

Wọ́n wọ tákísí, wọ́n fún pọ̀ mọ́ ara wọn lórí ìjókòó iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Ní rọ́bọ́ọ̀tì kan, iná tó ń darí ọkọ̀, awakọ̀ tẹ bíréèkì lójijì, ọwọ́ Bánkọ́lé sì ti dé iwájú orí Tiwalọlá kó tó gbá gíláàsì.

“Má fọwọ́ kàn mí.”

“Eish. Ó dáa, tó bá tún ṣẹlẹ̀, màá jẹ́ kí gíláàsì fọwọ́ kàn ẹ́.”

Tiwalọlá kọjú sí fèrèsé kí ọkùnrin náà má baà rí i pé òun fẹ́ rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n dé iwájú ilé náà ní Mayfair, Bánkọ́lé dúró lójú ọ̀nà. Ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ṣe ìsàmì fún un ni.

Lẹ́yìn pẹpẹ, nínú yàrá tí àwọn akọrin ti ń wọṣọ, tábìlì gígùn kan wà níbẹ̀. Fóònù àtijọ́ mẹ́tàlélógójì ló wà lórí rẹ̀, wáyà wọn lọ́ mọ́ra wọn, àwòrán Bánkọ́lé sì wà lójú gbogbo wọn. Orin ń lọ lórí wọn. Kò sí ohun tó ń dún nínú yàrá náà àfi fíríìjì.

Ìyá Ẹ̀bùn, olórí àwọn obìnrin ìjọ, ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì. “Bánkọ́ wa! Ọmọ àmúyangàn! A ò jẹ́ kí wọ́n sùn o. Tí wọ́n bá mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ á gbà á. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì.”

“Ẹ ṣé, mà,” ni Bánkọ́lé wí. “Ta ló ní kẹ́ ẹ ṣe é?”

“Ta ni ì bá tún jẹ́? Dádì yín ni. Ẹnjiníà fúnra wọn ló to gbogbo ẹ̀.”

“Kí ló dé tẹ́ ẹ pa ohùn ẹ̀, mà?” ni Tiwalọlá bi í.

“Wọ́n ní orin ayé ò gbọdọ̀ dún nílé Ọlọ́run. Òótọ́ sì ni wọ́n sọ.”

“Ẹ̀yin alára, ṣé ẹ ti gbọ́ ọ?”

“Rárá o,” ni Ìyá Ẹ̀bùn fèsì tayọ̀tayọ̀. “Ṣùgbọ́n ó dùn gan-an, a mọ̀.”

Bánkọ́lé ti bọ́ síta. Tiwalọlá bá a lórí àtẹ̀gùn níbi tó ti ń fi ìkúùkù lu itan ara rẹ̀. “Kì í ṣe torí Ọlọ́run,” ó ní. “Torí tiwọn ni. Gbọ́ ọ, kó o lè mọ ohun tó o yọ.”

Ó ki ohun ìgbọ́rìn bọ̀ ọ́ létí, ọmọbìnrin náà sì gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́:

Bàbá mi wọ ẹ̀wù ọsàn, ó ń juwọ́ sí mọ́tò,
ìwé ẹ̀rí wà nínú báàgì, kò sẹ́ni tó wò ó.
Òjò pa á, oòrùn pa á, ó dúpẹ́, ó tẹrí ba;
ọwọ́ yẹn ló bọ́ mi yó, ṣé kí n wá tijú Bàbá?

“Ọdún mẹ́ta ni Dádì fi wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn ṣọ́ mọ́tò fáwọn èèyàn níwájú ilé ìtajà kan ní Roodepoort,” ni Bánkọ́lé wí. “Wọ́n ti gboyè ẹnjiníà láti ilé o. Ìwé ìgbélùú ni wọn ò tíì rí gbà. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú ìjọ yìí. Wọ́n fẹ́ kí n ga ju gbogbo ọmọ lọ, wọn ò kàn fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ohun tí mo sọ.”

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Tiwalọlá gbọ́ orin náà lórí àtẹ̀gùn yẹn. Ó nu ojú rẹ̀. “Mẹ́ta nìyẹn,” ó ní. “Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo kà.”

Bánkọ́lé rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti mú wọn.

Lójoojúmọ́ lẹ́yìn ìyẹn, Bánkọ́lé ń dúró dè é ní ibùdókọ̀ ojú irin ní Sandton, pẹ̀lú kóta gbígbóná nínú bébà, búrẹ́dì tí wọ́n di ọ̀dùnkún díndín sínú rẹ̀. “Òǹkà mi,” ló ń pè é. “Oníjọ̀gbọ̀n mi,” ni ọmọbìnrin náà ń dá a lóhùn, á sì já èyí tó tóbi jù nínú búrẹ́dì náà jẹ.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìgbìmọ̀ ń bọ̀. Kí wọ́n tó lè dá Bánkọ́lé láre, ẹni tó to àwọn fóònù náà gbọ́dọ̀ wá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú ìdí tó fi ṣe é. Bàbá rẹ̀, Ẹnjiníà Olúyẹmí, kọ̀ jálẹ̀. Ó kó fóònù kúrò lórí tábìlì, ó ní òun ò mọ nǹkan kan. Àgbàlagbà tó lè wo ọmọ rẹ̀ kó wọ́lẹ̀ nítorí ẹ̀wù kan! Ẹ jẹ́ kí n má sọ̀rọ̀ jù.

Nígbà tó ku ọjọ́ márùn-ún, Bánkọ́lé di ọwọ́ Tiwalọlá mú ní ibùdókọ̀. “Kọ ọ́ pé ẹ̀rọ ló ṣàṣìṣe. Gbólóhùn kan péré, olólùfẹ́ mi.”

“Mi ò lè purọ́.”

“Torí tèmi ńkọ́?”

“Fáìlì yẹn ò sí lọ́wọ́ mi mọ́. Mo sọ fún ọ̀gá mi láàárọ̀ yìí pé mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Wọ́n ti gbé e fún ẹlòmíì.”

Bánkọ́lé tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. “O fà mí lé àjèjì lọ́wọ́! Èmi tí mo rò pé mo lẹ́nì kan!”

“O lẹ́nì kan!” Tiwalọlá pariwo débi pé àwọn èrò yíjú padà. “Ṣùgbọ́n Dádì ẹ pa ohùn ẹ, inú bí ẹ, o wá fẹ́ kí èmi náà pa tèmi. Kí ni ìyàtọ̀ yín?”

Ó yí padà, ó lọ. Bánkọ́lé náà lọ. Àwọn méjèèjì sunkún, kálukú ní ilé tirẹ̀, kò sì sẹ́ni tó pe ẹnì kejì.

Lọ́jọ́ Sátidé, Tiwalọlá lọ bá Ẹnjiníà Olúyẹmí níbi tó ti ń to àga fún ìsìn ọjọ́ kejì. Ó kúnlẹ̀ gbọinrin síwájú rẹ̀.

“Ẹ káàsán, sà. Èmi ni mo yọ orin ọmọ yín. Inú ń bí mi sí yín, sà, ẹ forí jì mí. Mi ò ní dìde títí ẹ ó fi gbọ́ orin yẹn tán.”

“Mo ti gbọ́ ọ,” ni bàbá náà wí, kò wo ojú rẹ̀. “Mo gbọ́ ọ dé ibi ìwé ẹ̀rí. Mi ò lè gbọ́ ọ kọjá ibẹ̀. Ọmọ mi ń fi mí ṣẹ̀sín fáráyé, mo sì ní kò burú, kó ṣáà ga.”

“Ìlà kejì lẹ gbọ́ dé, sà. Ìlà kẹrin ni tiyín.”

Ó gbé fóònù sókè, ó tú ohùn rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá. Orin náà gba ilé Ọlọ́run kan. Nígbà tó dé “ṣé kí n wá tijú Bàbá,” bàbá náà fi ọwọ́ wá àga, ó jókòó, ó sì sunkún bí èèyàn ṣe ń sunkún nígbà tí kò sẹ́ni tó ń wò ó.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, nígbà ìjẹ́rìí, Ẹnjiníà Olúyẹmí dìde. Ó wọ ẹ̀wù ọsàn tó ti ṣá sórí kóòtù rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kò ju ẹ̀wù náà nù láti ọjọ́ yìí wá. “Iṣẹ́ tí mo ṣe ní Roodepoort nìyí,” ó ní. “Ọmọ mi ò tijú ẹ̀. Èmi ni mò ń tijú. Bánkọ́lé, dákun, forí jì mí.”

Ìyá Ẹ̀bùn ló kọ́kọ́ figbe ta. “Ọkọ mi náà ṣọ́ mọ́tò! Ọdún mẹ́rin, ní Benoni! Ó ní kí n má sọ!” Ọkùnrin kan nawọ́ lẹ́yìn, òmíràn nawọ́. Ọwọ́ mẹ́fà ló gòkè lápapọ̀. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, wọ́n jọ ń sìn nínú ilé kan, kálukú ń fi ohun kan náà pamọ́ fún ẹnì kejì! Ǹjẹ́ kò yẹ kí inú bí èèyàn?

Ẹnjiníà lọ sí Sandton lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ dá Bánkọ́lé láre. Nígbà tí wọ́n yọ ti àwọn fóònù náà kúrò, ipò kẹsàn-án ni orin rẹ̀ wà, etí èèyàn ló sì gbé e débẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kéde rẹ̀, wọ́n pe Tiwalọlá wá sí àárín ọ́fíìsì. Ọkùnrin kan ti bọ́ bàtà, ó jókòó sórí táìsì. Àwọn ẹ̀ṣọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń rẹ́rìn-ín.

“O jàre,” ni Bánkọ́lé wí. “Mo jẹ̀bi. Fẹ́ mi.”

Tiwalọlá ká apá mọ́ àyà. Inú ṣì ń bí i.

“Dádì àti Màámi ti ṣe tán láti lọ rí àwọn òbí ẹ. Fẹ́ mi. Òǹkà mi, fẹ́ mi. Fẹ́ mi, jọ̀ọ́.” Ó ń sọ ọ́ lọ ní Yorùbá, ó sọ ọ́ ní Súlú, ó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì nítorí àwọn ẹ̀ṣọ́, ó tún padà sí Yorùbá.

“Mọ́kànlá nìyẹn,” ni Tiwalọlá wí. “Èyí tó bá kọjá mẹ́wàá, a kì í kà á.”

Ojú Bánkọ́lé rẹ̀wẹ̀sì. “Mẹ́wàá tó ṣíwájú ńkọ́?”

“Ti àkọ́kọ́ ni mo gbọ́. Ibẹ̀ ni mo ti gbà.” Ó na ọwọ́ sí i. “Dìde, Bánkọ́ mi. Táìsì yẹn tutù.”