Omi Tí Aránṣọ Kò Mu

Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta, obìnrin aránṣọ kan kú. Kòkòrò inú ìtọ̀ ló pa á.

Ṣáájú ìgbà náà, ọjọ́ iṣẹ́ bí ọjọ́ iṣẹ́ ni. Ẹ̀rọ ń dún ní gbọ̀ngàn ìránṣọ tí bàbá rẹ̀ ti jẹ́ alábòójútó. Bàbá náà kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun ń ṣojúsàájú, nítorí náà ọmọ rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ bá wí.

"Níbo tún ni?"

"Bàbá, mo fẹ́ tọ̀ ni."

"Ṣé ìwọ nìkan lo ní àpò ìtọ̀ níbí ni? Jókòó!"

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ ọ̀gá, gbé póò sábẹ́ ẹ̀rọ!"

Láti ọjọ́ náà, kò mu omi níbi iṣẹ́ mọ́. Nígbà tí ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta á bí ata, ó ra oògùn lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì, ó lò ó títí ara fi tù ú díẹ̀, ó pa ìyókù tì. Kò pẹ́ tí òtútù ibà fi ń mú un.

"Bàbá, ẹ̀yìn ń dùn mí gan-an."

"Ta ni ẹ̀yìn kì í dùn nídìí ẹ̀rọ?"

Orí aṣọ tó ń rán lọ́wọ́ ló ṣubú lé.

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì àgbà pe bàbá náà sápá kan.

"Bàbá, kòkòrò yìí ní irun tín-ín-rín lára, tí ojú lásán kò lè rí. Èròjà purotéènì ni irun náà, ẹyọ kan so mọ́ èkejì bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín. Orí irun náà ló fi ń kọ́ ara àpò ìtọ̀."

"Ṣé ìtọ̀ kò lè gbá a lọ ni?"

"Iṣẹ́ ìtọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n irun náà ká bíi sípíríìngì. Bí ìtọ̀ bá ya lù ú, á nà, kò ní já. Bí ìtọ̀ bá dá, á tún súnkì. Àwọn tí kò tíì rí ibi dì mú ni ìtọ̀ ń gbá lọ. Ẹni tí kì í mu omi, tó tún ń pa ìtọ̀ mọ́ra, ń fún wọn láyè láti pọ̀ sí i, kí wọ́n sì gòkè lọ sí kíndìnrín."

"Oògùn tó lò ńkọ́?"

"Kò lò ó tán. Àwọn agídí inú wọn ló ṣẹ́ kù."

"Ṣé á yè é?"

Nọ́ọ̀sì wolẹ̀. "Ó ti wọnú ẹ̀jẹ̀, bàbá."

Wọ́n fa oògùn tó le jù sí i lára, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ìyá ọmọ náà sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. "Bàbá alábòójútó, ó parí. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé ẹ ṣojúsàájú mọ́."

Bàbá náà fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ìyẹn kò jí òkú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣọ́ òṣìṣẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ tọ̀. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ẹ mu omi. Bí ìtọ̀ bá ń ta yín, ẹ lọ rí dókítà, kí ẹ sì lo oògùn tó bá kọ fún yín tán. Bí ibà àti ẹ̀yìn dídùn bá tẹ̀ lé e, ẹ má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú bá yín nílé.

Ohun tí aránṣọ náà fi sílẹ̀ nìyí: ọkọ kan, ọmọbìnrin kan tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, sálúbàtà tí ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì hàn nínú rẹ̀, aṣọ ilé-ìwé kékeré kan tí kò tíì ní ọrùn, àti ìyá kan tí kì í dá ọkọ rẹ̀ lóhùn mọ́.